Àkọsílẹ̀ Ìpàdé Tí N Kò Kà Sétí Ẹnikẹ́ni

Èmi ni akọ̀wé. Wọ́n ní kí n kọ ohun tí ẹnu bá sọ,
wọn ò ní kí n kọ ohun tí ojú rí.
Àwọn tó wá: mọ́kàndínláàádọ́ta, láìka èmi,
láìka ewúrẹ́ kan tó dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé
títí a fi ṣe àdúrà ìparí.
Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀: igba ilé tí wọ́n fẹ́ kọ́
sí òdìkejì ìlà, lójú ọ̀nà Òṣíẹ̀lẹ̀,
níbi tí sọ̀fíyọ̀ ti fi ọ̀dà pupa ya ọfà sára àpáta
pé ìlú parí síbí.

Bàbá Ṣónẹ́yẹ ló kọ́kọ́ dìde, ó ká fìlà mọ́wọ́.
Ó ní, "Gàrí tí ẹ ń rà ní Láfẹ́nwá,
ṣé inú pálọ̀ lẹ̀gẹ́ rẹ̀ ti ń ta?
Ẹ gbin búlọ́ọ̀kù sí poro mi,
lọ́dún tó ń bọ̀ kí ẹ wá fi páànù se ọbẹ̀."
Àwọn àgbà rẹ́rìn-ín.
Mo kọ ọ́ sílẹ̀: Bàbá Ṣónẹ́yẹ kò fara mọ́ ọn.

Fálílátù télọ̀ kò rẹ́rìn-ín.
Ó pọnmọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lọ ń bọ̀ nílẹ̀ bí ẹni ń wa máṣíìnì.
Ó ní àwọn mẹ́fà ló wà nínú yàrá kan ní Ìjẹmọ̀,
onílé ti fowó kún owó lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín ọdún méjì,
bí òjò bá dé lóru, orí ìdúró làwọn ń sùn.
"Ẹ ní ká má kọ́lé sóko. Ó dáa.
Ẹ wá fi àyè kan hàn mí láàárín ìlú,
ì báà ṣe ìwọ̀n ẹní,
tí kì í ṣe àpáta, tí kì í ṣe sàréè, tí kì í ṣe ti olówó."
Gbogbo ilé dákẹ́. Ewúrẹ́ wúkọ́.

Bàbá kan lẹ́yìn (n kò mọ orúkọ rẹ̀, mo fi àyè sílẹ̀)
ní ìlú tí kò ní ààlà, ẹ̀wù tí a kò ṣẹ́ létí ni.
"Èmi ni mò ń ṣẹ́ etí ẹ̀wù, bàbá.
Bọ́mọ bá ti dàgbà, à ń tú u."

Ọmọ ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ kọ́lé wá tẹ́ àwòrán rẹ̀ sórí tábìlì:
igi róbótó-róbótó, ọ̀nà tó mọ́ bí àwo,
kò sí ẹnìkan níbẹ̀ tó gbé ọkọ́ dání.
Ó dárúkọ iye tí ilé kan jẹ́.
Fálílátù tún ọ̀já rẹ̀ so.
Kò sọ̀rọ̀ mọ́.

Ìyá mi àgbà máa ń sọ pé
àwọn tó sá wá sábẹ́ Olúmọ nígbà ogun,
kò sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè ìwé ilẹ̀.
Odi tí wọ́n mọ nígbà náà, a ti kọ́lé gorí rẹ̀,
kẹ̀kẹ́ Márúwá ń já èrò sílẹ̀ lẹ́bàá ibodè Aro.
Ṣùgbọ́n ìyá mi àgbà ò wá sípàdé, n kò lè kọ ọ́.

A nawọ́. Mẹ́tàlélógún gbà, mẹ́tàlélógún kọ̀;
òjò ṣú, àwọn mẹ́ta ti sáré lọ káṣọ.
Alága wò mí. Gbogbo wọn wò mí.
Mo ní akọ̀wé kì í dìbò.
Rìsíìtì ìdajì pulọ́ọ̀tì wà nínú àpò mi,
lórí ilẹ̀ yẹn gan-an, lórúkọ Mọ̀ńsúrátù ìyàwó mi.

Nígbà tí mo ń lọ sílé, mo gba ẹ̀bá àpáta yẹn.
Ìyàwó Bàbá Ṣónẹ́yẹ ti sá láfún síbẹ̀ láti àárọ̀,
ó bo ọfà pupa náà mọ́lẹ̀ pátá.
Ó ní, "Akọ̀wé, bá mi kó o, òjò ń bọ̀."
Mo kúnlẹ̀, mo ń kó o.
Bí mo ṣe ń kó o ni ọ̀dà ń yọjú.